Odò Ti Dé Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Rẹ

Samsudeen ọmọ mi,

Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ò pọ̀ jù fáwọn ọmọ? Gbogbo ilé ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ń kí yín. Waheedat àbúrò rẹ ti bí obìnrin. Iṣu ta dáadáa, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Odò oko wa ni mo fẹ́ sọ. Níbi tó ti ya kọ́nà, omi ń sáré kọlu ẹ̀gbẹ́ tiwa, ó ń jẹ abẹ́ rẹ̀. Òdìkejì tí omi ò ti lágbára ló ń da iyanrìn rẹ̀ sí. Ìdílé Ìyápọ̀ ti gbin ẹ̀gúsí síbẹ̀. Bàbá rẹ ló ní ká sin òun sétí odò, kóun máa gbọ́ omi. Nísinsìnyí, bí ilẹ̀ bá ya bọ́ sómi, ìró rẹ̀ dà bí ikọ́ bàbá rẹ gẹ́lẹ́. Mo máa ń dáhùn kí n tó rántí.

Lèmọ́mù ní a lè gbé òkú bàbá rẹ kúrò níbẹ̀. Mi ò gbà kí wọ́n hú u láìsí ìwọ àkọ́bí rẹ̀ ńbẹ̀. Jọ̀ọ́, wá kí òjò tó dé. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ bọ̀.

Má rò pé àyè ṣì wà: ibi tí mo fi sílẹ̀ fún ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ti gbé e lọ.

Ìyá rẹ,
Àmọ̀kẹ́