Bàbá Aránṣọ Ti Rí Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ bá mi yọ̀ níbi tí ẹ wà lọ́hùn-ún, a ti rí ilé ìtọ́jú fún Bàbá!

Èyí tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò mọ́ tónítóní, àmọ́ nígbà tí Bàbá béèrè Màmá, nọ́ọ̀sì wọn ní, "Bàbá, ìyàwó yín ti kú." Bàbá sunkún bí ẹni pé ìjọ́ yẹn gan-an la sin Màmá. Mo bá mú wọn jáde.

Ṣùgbọ́n ti àná! Obìnrin tó jẹ́ olùtọ́jú ibẹ̀ gbọ́ pé aránṣọ ni Bàbá, ló bá na apá aṣọ ẹ̀ tó tú sí wọn. Bàbá tí ìgbàgbé ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ní, "Ta ló rán ìránkúràn yìí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá, èmi ni."

"Ọwọ́ ẹ le bí igi ìdáná! Pe ìyàwó mi kó mú abẹ́rẹ́ wá."

Mo ti fẹ́ yára dá sí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín: "Ṣé àwọn náà máa ń ránṣọ ni?"

"Òun? Kò lè rán bọ́tìnnì! Ojú ẹ̀ ló mú, òun ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn!

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń kó lọ. Ẹ má ronú pé ilé á dá páropáro fún mi. Màá máa tan rédíò.

Bàbá ní kí n kí yín, kí n kí Màmá náà. Mo ní, "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé kó tètè máa bọ̀, òwú ti yọ lójú abẹ́rẹ́."

Àbúrò yín