Mọ́tò Tí Wọ́n Fi Dógò ní Ibùdó Rélùwéè

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ ọwọ́ yín tí mo mọ̀ nínú fọ́tò nìkan. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Iṣẹ́ ò ní pa ọ́ o, àárẹ̀ ò ní mú ọ, ọ̀nà ilé tó ti gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ á tún rántí rẹ. Tí o bá ń béèrè wa, a wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń jò, kò tíì fi ìwà tuntun kún un.

A gbìyànjú láti wá wo ọmọ náà o. O ní kò le rárá, kí n ṣáà wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdó rélùwéè, kí n bọ́ sínú rélùwéè, màá bá ọ lẹ́nu géètì ní ìlú ńlá lọ́hùn-ún. O ṣeun, ọ̀mọ̀wé. Bọ́ọ̀sì gbé mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yà wọlé ni rélùwéè ń ṣí. Òrogún làwọn méjèèjì, wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Dírẹ́bà ní kí n má bínú, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ní kí ni mo fẹ́ bínú sí, mo dúpẹ́ tó gbé mi wá wo ẹ̀yìn rélùwéè.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ àbúrò mi káfíńtà kó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìgbà tí a débẹ̀ ni mo rí nǹkan. Mọ́tò lọ súà, kò sẹ́nì kankan nínú wọn. Mo bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ta ló ni wọ́n, ó ní àwọn tó wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ ni, wọ́n á gbà á tí wọ́n bá dé, kí àwa náà fi tiwa sílẹ̀. Ó wá yé mi: dógò ni! Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọ ìlú ńlá lọ láìfi nǹkan dúró. Àbúrò mi yarí kanlẹ̀, ó ní ayùn òun àti pákó oníbàárà wà nínú ẹ, òun ò ní fi mọ́tò òun dógò nítorí ọmọ tí kì í kí òun. Èmi náà ò sì lè dá wọ ohun tí mi ò mọ orí ẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Ibi tí a ti ń jiyàn ni rélùwéè ti lọ.

A jókòó sínú mọ́tò, a jẹ búrẹ́dì tí mo ń gbé bọ̀ fún yín, bóyá ọkàn àbúrò mi á rọ̀. Kò rọ̀. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, rélùwéè da àwọn èèyàn sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń sáré, oníkálukú dorí kọ mọ́tò rẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo ilẹ̀ ṣófo. Kò sẹ́ni tí kò padà wá. Ó dùn mí wọra, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ tí ò ń lọ, àdúrà ni mo kàn ṣe, mo juwọ́ sí ọ, mi ò gba nǹkan kan sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Jọ̀ọ́, fún àbúrò mi lówó epo, kì í ṣe omi ló rọ sí mọ́tò. Má fi sínú fóònù mi o, fọ́tò ọmọ yín ti kún un, owó ò ní ráyè wọlé. Gbé e wá fúnra rẹ, kí o gbé ọmọ náà dání. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti fojú mi rí i pé èèyàn kì í gbàgbé ọ̀nà ibi tí dógò rẹ̀ wà.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Àbọ̀ ni mo ń tẹnu mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.