Ìyáálé Olódo Méje

Ajé, 2 oṣù kẹta
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nílé ọkọ, mo ti bá ìyáálé pàdé. Ara ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Tèmi – ọkọ mi nìyẹn, mi ò tíì lè pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ – ló fi pẹ́ńsùlù kafíńtà rẹ̀ kọ ọ́: 100000001. Ó ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ó lé ẹyọ kan. Kà á níwájú, kà á lẹ́yìn, kò yí padà. Ojú rẹ̀ ń dán. Kò tíì wo èmi báyẹn rí.

Ìṣẹ́gun, 3
Tíṣà tún wá, ẹni tó ń kọ́ Tèmi ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Kò tíì lọ́kọ. Ohùn bí oyin. Wọ́n ń wá nọ́ńbà tó lè pín ìyáálé mi láìṣẹ́kù. Tíṣà ń dán àwọn kan wò, Tèmi ń dán àwọn yòókù wò. Wọ́n ní kò sí. Mo gbé omi fún wọn. Tíṣà ní, "Ẹ ṣé o, ìyàwó wa." Ìyàwó *wa*! Ìwọ àti ta ni?

Ọjọ́rú, 4
Mo fi àkísà nu ìyáálé mi kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó tún un kọ. Kò tiẹ̀ bínú.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ pínpín. Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo bá rán bọ́tìnnì tán, ẹ̀yìn bébà tí a fi ń gé aṣọ ni mo ń pín in sí. Mẹ́ta: ó ṣẹ́ku méjì. Méje: mẹ́ta. Mọ́kànlá: méjì. Mẹ́tàlá: mẹ́wàá. Obìnrin yìí le! Ọ̀gá mi ní, "Ṣé aṣọ lò ń wọ̀n ni, àbí òkun?"

Ẹtì, 6
Mẹ́tàdínlógún. Kò ṣẹ́ku nǹkan kan! Mo pín in lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo yọ́ lọ wo ìwé Tèmi. Òun ló dán mẹ́tàdínlógún wò – òdo mẹ́fà ló kọ dípò méje. Kafíńtà tó ń wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e! Mo rẹ́rìn-ín, inú mi wá bàjẹ́. Tí mo bá sọ, mo dójú tì í. Tí mi ò bá sọ, Tíṣà á máa wá ṣáá.

Àbámẹ́ta, 7
Mo na bébà sí i. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó fò sókè – mo ní ó fẹ́ dì mọ́ mi ni. Bàtà ló ń wá. Ó di ilé Tíṣà!

Àìkú, 8
Tíṣà dé. Ó ń yin Tèmi: "Orí yín mà pé o!" Tèmi ò ní òun kọ́. Ó tẹ orí ba. Èmi wà ní yàrá, mò ń lọ aṣọ. Àyà mi gbóná ju irin lọ. Tíṣà bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mẹ́tàdínlógún wá wọ inú ẹ̀?" Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́ńsùlù. Ni ẹnu mi bá sáré jù mí lọ: "Márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́jọ, méjì, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́ta!"
Tíṣà yọjú. "Ìyàwó, ẹ̀yin ni!" Kò bèèrè, ó mọ̀. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ká jọ wò ó bóyá èsì yẹn náà ṣeé pín. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì lọ́la. Mo ní màá wá.
Nígbà tó lọ, Tèmi ní, "Kò tiẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀."
Mo wo ojú rẹ̀. Owú ni. Àbí èmi ni wọ́n máa júwe owú fún?