Ọmọ Mòrag Ni Wá

Màmá mi,

Ara mi le. Òtútù Skye, erékùṣù Scotland yìí, kò tó ohun tí wọ́n ń pariwo. Kóòtù méjì péré ni mo fi ń sùn.

Mo ti rí orísun Angus, bàbá ńlá wa tó kọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi láti ibí dé Cape Breton wa ní Kánádà. Bàbá arúgbó kan, Lachlan, ló ka ìran wa fún mi láìwo ìwé. Ó dé orí "Angus ọmọ Mòrag," ó parí rẹ̀ síbẹ̀.

Mo ní, "Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọbìnrin yìí, bí ọkùnrin kan bá gbà pé òun ló lọ́mọ, ṣé orúkọ ìyá la ó máa fi pè é?"

Màmá, ìjòyè tí a máa ń sọ nílé pé ó bí Angus, kò sí níbẹ̀ rárá. Mòrag ń fún wàrà màlúù fún onílẹ̀, òun nìkan ló sì tọ́ Angus.

Ẹ̀gbọ́n mi Murdo jágbe lórí fóònù: "Effie, panu mọ́! 'Ọmọ ìjòyè' ni wọn ó gbẹ́ sára òkúta ìrántí Angus. Kí ni ìwọ tí o kò kàwé kọjá ìwé mẹ́wàá mọ̀?"

Bóyá n kò mọ púpọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta náà pé orúkọ Mòrag ni kó kọ. Bí Murdo kò bá wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, màá fẹsẹ̀ rìn wálé.

Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ọmọ Mòrag ló ń kí ọmọ Mòrag.

Effie yín