Ooru Tó Fẹ́ Mú Wa Ta Kọ̀ǹpútà

Òpópónà Ìjọ̀kà,
Àkúrẹ́.
Oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bàbá Ẹniọlá, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ o, ẹ sì kú ooru. Mo gbà pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ ń lọ ti fi yín sílẹ̀. Àwa náà wà láàyè. Ẹniọlá ní kí n kí yín, ó ní eyín iwájú òun ti yọ. Adépọ̀jù tó ń wa ọkọ̀ ní ọ̀nà Oǹdó ni yóò mú ìwé yìí wá fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò pè. Bí a bá ti pe ara wa, ìjà ni, owó káàdì á sì tán kí a tó débi ọ̀rọ̀. Nínú ìwé, ẹ ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà ni. Ẹ rántí pé nígbà tí ẹ wálé kẹ́yìn, fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ojú oòrùn. Ẹ ra tuntun, fáànù àti irin tó ń fa ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀ pọ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín dè é, inú mi sì dùn. Àfi bí ẹ ṣe padà sí Oǹdó tán tí ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń tẹ ìwé lásán fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣe dáadáa díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n to fídíò pọ̀, ìwọ̀n ooru tó ń hàn lójú rẹ̀ á gòkè dé ọgọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà á sì kú lójú mi. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe á ṣègbé.

Iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì ló sì wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ fún ìdánwò WAEC. Ó fẹ́ kí fídíò ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ jáde kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ó ní bí agbára mi ò bá ká a, òun á gbé e fún ẹlòmíràn. Òun nìkan ló kù fún mi, nítorí láti ìgbà tí epo ti wọ́n, ta ló ń ronú fídíò?

Mi ò káwọ́ gbera o. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà gbọn eruku. Mo gbé fáànù ńlá wá, mo kọjú rẹ̀ sí i, àwa ènìyàn wá ń làágùn kí kọ̀ǹpútà lè rí atẹ́gùn. Mo gbé tábìlì kúrò lójú fèrèsé. Mo bú àwọn oníná, mo bú jẹnẹrétọ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ògúnníyì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Arákàlé kò tilẹ̀ dìde lórí àga, ó ní, “Màdáàmù, prósẹ́sọ̀ yẹn ti lọ. Ẹ ra òmíràn.” Bí ẹni pé orí igi la ti ń ká a.

Nígbà tí mo sọ fún yín, ẹ ránṣẹ́ pé kí n tà á, kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n mú Ẹniọlá wá bá yín níbi tí ẹ ti ń kọ́ni, pé Kọ́láwọlé ará Ìgbàrà-Òkè ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ mi, inú bí mi. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo ń rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ṣọ́ọ̀bù, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Bí mo bá tì í, mi ò ní lè ṣí i mọ́ nínú ayé tó dà báyìí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tún tan án, mo ní kó to fídíò. Ooru ń gòkè: ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún. Ìbínú ni mo fi fọwọ́ kan irin tó jókòó lé prósẹ́sọ̀ lórí, mo ní kó kúkú jó mi. Irin tutù! Ó tutù bí omi àmù. Mo ní háà. Ìkòkò wà lórí iná, iná ń jó, ìkòkò sì tutù? Nǹkan kan ló wà láàárín wọn. Mo pa á, mo tú ohun tí ẹ dè. Náílọ́ọ̀nù ni mo bá nídìí irin, èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà sí lára pé kí á yọ ọ́ kí á tó lò ó.

Bàbá Ẹniọlá! Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín sì di ẹkún. Ta ni kò mọ̀ yín? Ẹni tí kò yọ náílọ́ọ̀nù lára rìmóòtù, tí kò yọ ọ́ lára fíríìjì, tí kò yọ ọ́ lára àga pálọ̀ tí a ti rà kí a tó bí Ẹniọlá, tó ń lẹ̀ mọ́ wa nítan nínú ooru. “Kó má tètè gbó, nǹkan á dára, àlejò á wá,” ohun tí ẹ máa ń wí nìyẹn. Mi ò bínú mọ́. Ẹ fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Ìfẹ́ ni ẹ fẹ́ fi dáná sun kọ̀ǹpútà mi.

Mo ya náílọ́ọ̀nù dànù, mo fi sípírítì nu ojú prósẹ́sọ̀, mo ra ìpara funfun tí wọ́n ń fi sáàárín òun àti irin lọ́wọ́ Ògúnníyì, mo dè é padà. Lọ́jọ́ kejì, mo to fídíò láti òwúrọ̀ títí Ẹniọlá fi ti iléèwé dé, ooru kò kọjá àádọ́rin. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì ti gba iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti kó ti kẹ́mísírì wá. Mo ti ránṣẹ́ sí Kọ́láwọlé pé kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Nítorí náà, mi ò tà á, mi ò sì kó wá sí Oǹdó. Mo mọ̀ pé yàrá yín dá páro, pé owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí ẹ máa wálé bí ẹ ti fẹ́. Ó ń dun èmi náà. Ibùsùn yìí fẹ̀ jù fún èmi nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbé ẹrù yìí láti ibí. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ wálé wá bínú ọ̀hún.

Olúwa yóò tù yín lára nínú ooru yìí. Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ yóò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí, ọ̀nà yóò gbà yín ní àlọ àti àbọ̀, ẹ ó sì jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Èmi ni aya yín tó ń wọ̀nà fún yín,
Monílọ́lá.

Àfikún: Bí mo ṣe kọ ìwé yìí tán, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé náílọ́ọ̀nù kúrò lára gbogbo àga pálọ̀. Ẹniọlá wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aṣọ pupa tí ara rẹ̀ kò kàn rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ó rọra bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé àlejò yẹn ti dé?” Mo ní, “Ó ti dé. Jókòó.”