Ọ̀rọ̀ "Jà" Tó Gbé Mi Ṣubú ní Niamey

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti ìhín. Màmá mi ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù àti ìyàwó wọn, mo kí yín o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn òbí wa.

Ara mi le. Ojú mi tó wú ti wálẹ̀. Ooru Niamey ló kù tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí n tó dé ọjà Grand Marché láàárọ̀, ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo ṣì ń bá Alájì ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa ru aṣọ, mo sì ń bá wọn tà á. Iṣẹ́ náà ń bọ́ mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní Talladjé tí mo ń gbé, bí mo bá ti wọlé, kò sí ẹni tí mo lè fi Yorùbá bá ṣàwàdà. Ìgbà míì, ìkòkò ọbẹ̀ ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kóòṣì lẹ ń dúró dè. Nígbà tí ẹ wo fídíò ìjà mi nínú fóònù Ẹ̀gbọ́n Ràfíù, ẹ pè mí, ẹ ní kí n fi Bàbá Seyni sílẹ̀, pé ẹni tó ń ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́nu ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe ọ̀gá. Àwọn ará ilé wa tó wà níbí náà sọ bẹ́ẹ̀. Kóòṣì kan láti Kútọnu sì ní òun fẹ́ mú mi, nítorí ìjà mẹ́fà ni mo ti jà láàárín àwọn akànṣẹ́ tó tẹ̀wọ̀n jù, márùn-ún ni mo sì borí. Ó ní gbọ̀ngán gidi, ó ní ìbọ̀wọ́ tuntun, ó mọ àwọn tó ń ṣètò ìjà ńlá ní Lomé. Bàbá Seyni ò ní ju àgbàlá oníyanrìn kan ní Wadata lọ, àti àpò kan tí mò ń lù, tí mo fi ègé aṣọ tí mo ṣà lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ kún.

Ohun tí n kò sọ fún yín nìyí. Ẹ̀yà Zarma ni Bàbá Seyni. N kò gbọ́ èdè wọn, àwọn náà ò gbọ́ tiwa, Hausa ọjà la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n fà sẹ́yìn, "ja baya" ni wọ́n máa ń wí. Lọ́jọ́ ìjà yẹn, mo ti ń borí. Ọkùnrin iwájú mi díbọ́n pé ó ti rẹ òun, kí n lè sún mọ́ ọn. Bàbá Seyni rí i, wọ́n figbe ta. Ariwo èrò gbé "baya" mì, "ja" nìkan ló dé etí mi. Bàbá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo lẹ máa sọ "jà" fún tí yóò fà sẹ́yìn? Mo mọ̀ pé ohùn tiwọn wà lókè, tiwa wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní ń wá àmì ohùn nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀? Mo kọlu ọkùnrin náà bí àgbò. Ẹ ti rí ìyókù nínú fídíò: wọ́n pariwo, mo wọlé, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbé mi ṣubú.

Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwọn èèyàn fi bú àgbàlagbà náà níbi tí a ti ń jókòó mu tíì, pé wọ́n ti darúgbó, pé ojú wọn ò ríran mọ́. Mo jókòó ti Bàbá Seyni, mò ń mu tíì, n kò lanu. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí n dá ará Kútọnu lóhùn, Bàbá Seyni pè mí. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé bóyá òótọ́ làwọn èèyàn ń sọ, bóyá ohun tí kò yẹ làwọn pariwo. Wọ́n wá ń gbàdúrà fún mi. Ẹ̀yin káfíńtà tí kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan lọ láìgba òmìnira, ẹ mọ bí àdúrà ọ̀gá ṣe ń rí. N kò lè ṣe àmín.

Mo jẹ́wọ́ pé "jà" tiwa ni mo gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di èjìká mi mú. Wọ́n bi mí pé kí làwa ń pe "ja baya". Mo ní "sẹ́yìn". Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ó jáde ní "Seyni". Mo tún un pè, wọ́n tún ní "Seyni". Wọ́n ní ṣé orúkọ àwọn lẹ̀yin Yorùbá fi ń sá fún ẹ̀ṣẹ́ ni?

Mo ti bẹ ará Kútọnu pé kó má bínú. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí pé n kò ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo mọ̀ pé ó lè pẹ́ kí n tó dé Lomé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbọ̀ngán Kútọnu ni mo kọ́kọ́ ń wò. Gbangba ni wọ́n ti bú ọ̀gá mi, ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba kí gbogbo èèyàn lè kà á, tí n kò fi í pamọ́ sínú àpòòwé.

Ìjà míì ń bọ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀. Bí fídíò rẹ̀ bá dé, ẹ ó gbọ́ àgbàlagbà kan tó ń figbe pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjà. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni wọ́n ń pè sẹ́yìn, mo sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ọlọ́run á dá yín sí, á jẹ́ kí ẹ fọwọ́ yín gba èrè wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àtàgbà àtọmọdé.

Ọmọ yín tí etí rẹ̀ ò gbàgbé ilé,
Mùkáílà