Oúnjẹ Ọjọ́ Ìbí Màmá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá, ẹ̀yin gan-an lẹ sì fà á, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Màmá pé àádọ́rin ọdún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìdúró ni wọ́n ń jẹun. Wọn á dúró ti ìkòkò nílé ìdáná, wọn á fi ṣíbí bu díẹ̀ sẹ́nu, ó parí. Wọ́n rù débi pé òrùka ìgbéyàwó yín ń yọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Ni mo bá mú wọn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ sílé oúnjẹ tuntun kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ìyá tó bí wọn, bóyá wọ́n á lè jókòó jẹun níbẹ̀.

Nígbà tí mo rí iye tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja yíyan, mo rò pé wọ́n ṣèèṣì fi òdo kan lé e ni. Màmá kò mú awò ojú wọn dání. Wọ́n kàn nawọ́ sí àwòrán odindi ẹja ńlá kan, inú wọn sì dùn. Kí ni kí n wá sọ? Mo ní kí wọ́n gbé e wá, mo sì pinnu pé omi lásán lèmi yóò mu.

Ẹja dé, Màmá kò fọwọ́ kàn án. Ọkàn mi ti ń bàjẹ́. Tọkọtaya àgbà kan wà nítòsí wa, Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti wá wo ọmọ wọn tó wà nílé ìwé. Wọ́n ka iye oúnjẹ tán, wọ́n rọra dìde, wọ́n gbé báàgì wọn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Màmá.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, oúnjẹ rèé o!”

“Á gba ibi ire o, Ìyá,” ni bàbá náà dáhùn.

Ibẹ̀ ló máa ń parí sí nílé àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin kì í gbà. Ẹni tó bá bá wa nídìí oúnjẹ, ẹ óò fà á jókòó ni, èmi á sì sáré lọ bu omi ìfọwọ́. Màmá á wà nílé ìdáná, wọn á máa kùn pé ẹ ń pín ẹran ọmọ fún ará ìta. Ṣé ẹ rántí? Màmá kan náà yìí ló dìde nílé oúnjẹ olówó gọbọi yìí, tí wọ́n fa àga méjì, tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹja mìíràn wá!

Màmá jẹun, Bàbá. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Orí ẹja tó máa ń jẹ́ tiyín, àwọn ni wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò tiẹ̀ tijú. Wọ́n ń sọ ìtàn yín fún àwọn àlejò wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n gbé bíìlì dé, mo ka owó tó wà lápò mi. Owó ọwọ́ mi kò tó. Èyí tó kù ní báńkì ni mo ń tọ́jú fún táìlì ibojì yín. Òun ni mo fi san án. Màmá kò mọ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún.

Ṣé ẹ bínú? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ibojì yín á ṣì wà ní símẹ́ǹtì fúngbà díẹ̀ sí i. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìwà tí Màmá ń torí ẹ̀ bá yín jà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, òun ló sì gbé wọn dìde fún mi.

Mo dé láti ibi iṣẹ́ lánàá, mo bá Màmá lórí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwo iyán wà níwájú wọn, wọ́n di ọwọ́ ọkùnrin tó wá wo mítà iná mú. Wọ́n gbójú sókè wò mí. Kí wọ́n tó lanu sọ̀rọ̀, mo ti sáré lọ bu omi.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ń bu omi fún àlejò yín.